Ìlà Inú Ọ̀pá Ìbọn: Ṣakabùlà, Ráìfù àti Èkó Tó Ń Tà Wọ́n

Bí ọ̀rọ̀ bá kan bí Èkó ṣe bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ní ìdáhùn nílẹ̀: ìbọn òyìnbó dára ju tiwa lọ, ó tán. Wọ́n ń sọ ọ́ nílé ìwé, wọ́n ń sọ ọ́ nínú dánfó, kò sì sí ẹni tó ń béèrè pé irú ìbọn wo. Àwa fẹ́ béèrè. Irú ìbọn wo ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ ní ọdún 1851? Irú wo ló wà lọ́wọ́ àwọn tó wá bá wọn jà? Nígbà wo gan-an ni ìbọn kan wá ju ìbọn kejì lọ débi tó fi lè yí ogun padà nílẹ̀ Yorùbá?

Ìdáhùn tí a rí kò rí bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n jó Èkó, ìbọn àgbéjìká kọ́ ló dá ọ̀ràn náà. Nígbà tí ìbọn àgbéjìká sì wá ní agbára láti yí ogun padà, láti Èkó níbí ló ti ń jáde lọ sí òkè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú ọ̀pá ìbọn

Ṣakabùlà ni Yorùbá ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ àwọn ará Dẹ́ńmáàkì pè é, nítorí pé wọ́n wà lára àwọn oníṣòwò tó ń kó o wá sí etíkun wa láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ìbọn gígùn ni, inú ọ̀pá rẹ̀ sì dán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń kì í: wọn á da ẹ̀tù sí i, wọn á ju ọta sí i, wọn á fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá yìn ín, òkúta tó wà lẹ́nu apátí á lu irin, iná á ta sí ẹ̀tù, ìbọn á ró.

Irú ìbọn yìí kan náà ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fi jagun fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Brown Bess ni wọ́n ń pe tiwọn. Fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínṣì 0.75, ọta tí wọ́n ń kì sí i kò sì ju bíi ínṣì 0.69 lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọta kéré ni, nítorí pé ẹ̀tù tó bá jóná máa ń fi èérí sílẹ̀ nínú ọ̀pá, ọta tó bá fún jù kò sì ní tètè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó rọrùn láti kì ló mú kó ṣòro láti fi ba nǹkan. Bí ọta ṣe ń jáde lọ, á gbá ara ọ̀pá lápá ọ̀tún, á gbá a lápá òsì, ibi tó bá gbá kẹ́yìn ni yóò sọ ibi tó máa gbà lọ. Ní 50 yáàdì, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò lè fi ba ènìyàn. Tó bá ti kọjá 100 yáàdì, ó di ọ̀rọ̀ oríire.

Ohun kan ṣoṣo ni ráìfù fi yàtọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gé ìlà tó lọ́ bí okùn sí inú ọ̀pá rẹ̀. Ọta tó bá gba ojú ìlà yìí jáde á máa yí bí òkòtò. Ẹni tó bá ti ta òkòtò rí mọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń yí, kì í ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta ráìfù: nítorí pé ó ń yí, á máa lọ tààrà.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo ọmọ ogun ayé kò fi ju èyí tí inú rẹ̀ dán nù lójú ẹsẹ̀? Ìdí ni pé ọta gbọ́dọ̀ fún mọ́ inú ọ̀pá kó tó lè di ìlà náà mú. Bó bá fún, kò ní tètè wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ní ráìfù Baker láti ọdún 1800, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ọmọ ogun ló ń lò ó. Ní ìṣẹ́jú kan, sójà tó gbó nínú iṣẹ́ lè fi Brown Bess yìn tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń lo Baker kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Lójú ọ̀gágun tó to ẹgbẹ̀rún ènìyàn sí ìlà kan ṣoṣo, ìyára níyì ju kí ọta lọ tààrà lọ.

Ní ọdún 1849 ni ọmọ Faransé kan, Claude-Étienne Minié, mú ojútùú jáde. Ó ṣe ọta tí orí rẹ̀ ṣó, tí ìdí rẹ̀ sì ní ihò. Ọta náà kéré ju ẹnu ìbọn lọ, nítorí náà ó ń wọlé wẹ́rẹ́. Bí ẹ̀tù bá sì ti gbiná, agbára iná náà á fẹ ìdí ọta, á sì há mọ́ ìlà inú ọ̀pá. Báyìí ni ráìfù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yára bí èyí tí inú rẹ̀ dán, tó sì ń ba ènìyàn ní 300 yáàdì. Ogun Crimea tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1853 ni àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti fojú ara wọn rí ohun tí ìyípadà yìí lè ṣe.

Ogun Àgídíǹgbì

Ẹ wo déètì wọ̀nyẹn dáadáa. Ọdún 1851 ni Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ráìfù Minié fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ dán ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ń gbé kiri. Ọdún yẹn náà ni wọ́n wá sí Èkó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1851, Kọ́ńsù John Beecroft bá àwọn ọkọ̀ ológun wọ inú ọ̀sà. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ yìnbọn fún wọn láti etí omi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dáná sun ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè dúró, wọ́n sì padà sínú ọkọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ nítorí àwọn tó rò pé ọjọ́ kan ni ogun náà: Èkó lé wọn padà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ṣakabùlà àti àgbá ni wọ́n sì fi ṣe é.

Wọ́n padà wá ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Kòsọ́kọ́ ti gbẹ́ yàrà sí etí omi, ó ti ri òpó mọ́ ojú omi, ó sì ti to àgbá síbẹ̀. Teazer gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, kò lè lọ, kò lè bọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀ kalẹ̀ láti lọ pa ẹnu àgbá tó ń dà á láàmú mọ́, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kú lára wọn ti kú. Lápapọ̀, wọ́n pàdánù ènìyàn tó ju mẹ́wàá lọ, ọ̀pọ̀ sì fara gbọgbẹ́. Nítòsí, láti inú yàrà, ṣakabùlà ò kéré rárá. Òwe wa ti sọ ọ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?

Àgbá inú ọkọ̀ àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ló yí ọ̀rọ̀ padà ní ọjọ́ kejì. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ràn mọ́ ibùdó ogun tó wà ní ilé Òṣòdì Tápà, olórí ogun Kòsọ́kọ́, ẹ̀tù tó wà níbẹ̀ bú gbàmù, iná sì ràn ká Ìsàlẹ̀ Èkó. Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, ó padà wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọmọ rẹ̀ Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus dúró lójú omi.

Orúkọ tí àwọn àgbà Èkó sọ ogun yẹn ń jẹ́rìí sí ohun tí à ń sọ. Ogun Àgídíǹgbì ni wọ́n pè é, nítorí ìró àgbá. Àwọn tí ogun náà jà lójú wọn kò fi ìbọn àgbéjìká sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n mọ ohun tó jó ilé wọn.

Ráìfù gba Èkó lọ sókè

Láàárín ọdún 1851 àti 1880, ohun méjì ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ní ọdún 1866 Gẹ̀ẹ́sì gba iṣẹ́ ọwọ́ Jacob Snider wọlé. Snider mú ráìfù Enfield, ó gé ìdí rẹ̀, ó fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i. Láti ìgbà náà, ìdí ni wọ́n ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. Ẹ̀tù àti ọta ti wà pọ̀ nínú kátíríìjì kan. Ẹni tó ń lo ṣakabùlà gbọ́dọ̀ dìde dúró kó tó lè kì í. Ẹni tó ń lo Snider lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì, kó máa kì í, kó máa yìn ín, tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Ìkejì ni pé ní ọdún 1871 Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn mìíràn, Martini-Henry. Ìgbà náà ni Snider di ògbólógbòó lọ́wọ́ wọn, ògbólógbòó sì ni ọjà tí oníṣòwò ń wá.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ará ìlú mìíràn tí Ìbàdàn ń jọba lé lórí para pọ̀, wọ́n sì di Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ọmọ Ìjẹ̀ṣà wá di olórí ogun wọn. Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà pàgọ́ sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti tà sóko ẹrú tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé gẹ́gẹ́ bí Sàró tàbí Àgùdà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, Philip José Meffre tó ti Brazil dé sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló dáwó jọ, tí wọ́n ra Snider àti kátíríìjì, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀sà ló ń gbé ẹrù náà lọ sí ìlà-oòrùn, kó tó gba ọ̀nà Òǹdó tí Gómìnà Glover ti là ní àwọn ọdún 1870 dé Iléṣà àti Ìmẹ̀sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó ti gbé Èkó bá ìbọn náà lọ, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé bí a ṣe ń lò ó.

Ìbàdàn tó ti borí ní Òṣogbo àti Ìjàyè wá bá ohun tí wọn ò rí rí pàdé. Bí Yorùbá ṣe ń jagun nígbà náà, àwọn tó wà níwájú á sún mọ́ ọ̀tá, wọn á yìnbọn, wọn á padà sẹ́yìn láti kì í, àwọn mìíràn á sì bọ́ síwájú. Pẹ̀lú ṣakabùlà méjì tó dojú kọra, ọgbọ́n yìí dára. Ṣùgbọ́n bí ọta bá ti ń ba ènìyàn láti ibi tí ìbọn tirẹ̀ kò lè dé, àtisúnmọ́ ọ̀tá ti di ikú. Àlùfáà Samuel Johnson, tó bá Charles Phillips ṣe ìránṣẹ́ láàárín àgọ́ méjèèjì ní ọdún 1886, kọ nípa ìpayà tí ìbọn tuntun yìí mú bá Ìbàdàn sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1921. Ogun náà fúnra rẹ̀, Kírìjì, gba orúkọ lára ìró ìbọn, gẹ́gẹ́ bí Àgídíǹgbì.

Ìbàdàn kò lè tètè rí irú rẹ̀ rà. Ọ̀nà tó lọ sí Èkó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjá, àwọn méjèèjì sì ti dí i mọ́ wọn. Ẹni tó bá di ọ̀nà Èkó mú ló di kátíríìjì mú. Nígbà tó yá, Ìbàdàn náà rí díẹ̀ rà, ogun sì di dídúró lójú kan. Látòósà kú sójú ogun ní ọdún 1885. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n àgọ́ kò tú tán títí di ọdún 1893.

Ohun tí ṣakabùlà lè ṣe tí ráìfù kò lè ṣe

Ìbéèrè kan dà wá láàmú. Bí Snider bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Èkìtìparapọ̀ kò fi parí ogun náà láàárín oṣù díẹ̀?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé Snider kò pọ̀. Ṣakabùlà ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ìhà méjèèjì. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù. Bí apátí ṣakabùlà bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ ìlú lè tún un ṣe. Bí ọta bá tán, alágbẹ̀dẹ kan náà lè rọ òmíràn láti ara irin. Bí kò bá sí ọta, òkúta tàbí àfọ́kù irin á wọ inú rẹ̀. Ọ̀pá tí inú rẹ̀ dán kì í ṣàṣàyàn oúnjẹ. Ẹ̀tù nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ rà, ẹ̀tù sì ń gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé.

Snider kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí kátíríìjì tó bá a mu, igi ìdáná ni. Kò sí alágbẹ̀dẹ kankan ní Ìbàdàn tàbí Iléṣà tó lè rọ kátíríìjì. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Yúróòpù ni wọ́n ti ń ṣe é, etíkun ló ń gbà wọlé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń ṣọ́ etíkun. Ráìfù ń yìn jìnnà ju ṣakabùlà lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó so ẹni tó ni ín mọ́ Èkó. Ohun tí a rò pé ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ nípa ìbọn méjèèjì nìyí, ju iye yáàdì tí ọta ń rìn lọ. Alágbẹ̀dẹ ilé wa ló ń bọ́ ọ̀kan. Ẹlòmíràn ló ń bọ́ èkejì, ó sì lè ká ọwọ́ kò nígbàkúùgbà.

Ó sì ká ọwọ́ kò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí òfin kan ní Brussels. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Lára ohun tí òfin náà ṣe ni pé ó ka kíkó ráìfù wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà léèwọ̀, àfi fún ọmọ ogun ìjọba àti ìwọ̀nba àwọn tí ìjọba bá fún láṣẹ. Ó sì yọ irú ìbọn kan sílẹ̀: ìbọn olókúta-ìṣáná tí kò ní ìlà nínú ọ̀pá, pẹ̀lú ẹ̀tù lásán tí wọ́n ń tà fún aláwọ̀ dúdú. Ìlà tí wọ́n gé sínú ọ̀pá ìbọn ti di ìlà inú ìwé òfin. Ẹni tó bá wà lápá kan ń jọba, ẹni tó bá wà lápá kejì ni wọ́n ń jọba lé lórí.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ọmọ ogun tí kò tó ẹgbẹ̀rún kan lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n pàdé Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn, létí odò Yemoji. Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ dáadáa, wọ́n sì jà kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ìbọn akìdìí àti ìbọn Maxim tó ń yìn láìdáwọ́ dúró ló wà lódì kejì. Lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni, ìbọn ló dá ọ̀ràn náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa Èkó ọdún 1851, Ìmàgbọn ọdún 1892 ló tọ́ sí.

Ìlà náà ṣì wà

Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò lónìí, ti ọdún 1959 ni, ó sì dàgbà ju òmìnira wa lọ. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ráìfù ológun wà lára èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìsí àṣẹ Ààrẹ. Ìpín kẹta dá wà, ó sì jẹ́ ti ìbọn tí a ń kì lẹ́nu. Ṣakabùlà ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ Yorùbá kó Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn olùjọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, Rotimi Akeredolu tó jẹ́ gómìnà Òǹdó nígbà náà sọ ọ́ ní gbangba pé ó yẹ kí Àmọ̀tẹ́kùn ní ráìfù ìgbàlódé, nítorí pé irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń lé. Àbúja kò gbà. Àwa tí à ń kọ èyí kò ní èrò kan náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù ohun tí olóṣèlú lè fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe nígbà ìdìbò, àwọn kan sì ní ẹbí nínú oko tí kò ṣeé lọ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa gbà pé àríyànjiyàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní 2020, kò sì bẹ̀rẹ̀ ní Àbúja.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá sọ pé ìbọn òyìnbó ló ju tiwa lọ, ẹ béèrè ọdún tó ń sọ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣe kátíríìjì.